Kí Mọ́tò Tó Kọjú Sí Òkè, Ẹ Lanu Sọ̀rọ̀

Èmi nọ́ọ̀sì yín náà ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru la sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó fèsì. Lónìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò tó ń gun òkè, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí pé, "Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo lẹ di mẹkáníìkì?" Mi ò di mẹkáníìkì o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ bá yí dànù lójú òkè, ọ̀dọ̀ àwa nọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń gbé e wá. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Abẹ́rẹ́ wà tí à ń fún ọmọ kí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ má bàa mú un. Kò sí abẹ́rẹ́ tí à ń gún fún ọkọ̀ kó má ṣubú. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni àjẹsára rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ṣíwájú àìsàn bí gbogbo àjẹsára ṣe ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi.

*Ọjọ́ tí mo dákẹ́*

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, a ń lọ fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní abúlé oko kan lórí òkè, ní ìhà Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ẹ̀fọ̀n, ẹ mọ̀ pé òkè ló yí ìlú náà ká. Hilux kan la háyà. Èmi àti aboyún kan la jókòó síwájú pẹ̀lú dírẹ́bà. Àwọn mẹ́fà jókòó sẹ́yìn lórí àpò sìmẹ́ńtì ẹlòmíràn, àpótí yìnyín tí a kó oògùn sí sì wà láàrin wọn. Òjò ti rọ̀ mọ́jú.

Nígbà tá a dé ìsàlẹ̀ òkè náà, mo wo ọ̀nà, àyà mi já. Ilẹ̀ pupa yẹn ń dán bí ìgbà tí wọ́n da ọbẹ̀ ilá sí i. Ó ti dé ẹnu mi kí n sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀, ká fẹsẹ̀ gun ibi tó le yìí." Mi ò sọ ọ́. Mò ń ro àwọn ìyá ọlọ́mọ tó ti ń dúró dè wá láti àárọ̀. Mò ń ro yìnyín inú àpótí. Kí n má parọ́ fún yín, mo tún ń ro ohun tí dírẹ́bà máa sọ, pé kí ni obìnrin mọ̀ nípa mọ́tò.

Dírẹ́bà fi eré kọlu òkè náà. Nígbà tá a dé àárín, ó fẹ́ pààrọ̀ gíà, ọkọ̀ bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn. Ẹ̀rù ba ọ̀gbẹ́ni náà, ló bá yí sítíárìn, ó fẹ́ kọjú ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe dábùú òkè báyìí, táyà apá òkè gbé kúrò nílẹ̀. Ojú ọ̀run ni mò ń wò láti fèrèsé kan, orí igi kòkó ni mò ń wò láti fèrèsé kejì. Bàbá àgbẹ̀ kan tó dúró létí ọ̀nà pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ ló ké tòò pé, "Má yí i mọ́! Tọ́ ọ! Jẹ́ kó fẹ̀yìn rìn!" Dírẹ́bà gbọ́ tirẹ̀. Ó tọ́ táyà padà, ọkọ̀ jókòó, ó sì fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí a fi dé ìsàlẹ̀.

A ò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ ọmọbìnrin kan tó wà lẹ́yìn ti fò bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bà á, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Ata ló ń tà. Títí dòní, kò lè fi ọwọ́ náà gbé agbọ̀n ata bó ṣe ń gbé e tẹ́lẹ̀. Nígbàkigbà tí mo bá rí i lọ́jà, tó bá ní, "Ẹ kú ọjọ́ọ́tọ́, nọ́ọ̀sì," ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì nísàlẹ̀ òkè lọ́jọ́ yẹn ló máa ń padà sí mi lọ́kàn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, tẹlòmíràn ló bá mi dákẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Èrò mi ni pé nínú ọkọ̀ tó fẹ́ gun òkè, kì í ṣe dírẹ́bà nìkan ló lẹ́nu. Àwa tá a san owó ọkọ̀, tá a ni ẹrù, tá a gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, àwa náà lẹ́nu. Ìsàlẹ̀ òkè ló sì yẹ ká ti lò ó. Bí ọkọ̀ bá ti dé àárín òkè, igbe nìkan ló kù, igbe kì í sì í dá mọ́tò dúró.

*Ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa gígun òkè*

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yìí ju òye yín lọ. Ẹni tó ti ru igbá omi sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rí mọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ ń rọra gbésẹ̀, ẹ kì í sáré. Ẹ kì í dábùú. Ẹ kì í yí padà lójijì. Ọkọ̀ náà kò yàtọ̀.

Èkíní, ọkọ̀ wo ni? Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó ga ló lè gun òkè ẹlẹ́rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jíìpù tí à ń rí nílùú, táyà iwájú méjèèjì nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Àwọn Hilux kan wà tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ pọ̀ sábà máa ń ní ibi tí wọ́n kọ 2H, 4H àti 4L sí, yálà lára irin gíà kékeré tàbí lára bọ́tìnnì. 4L yẹn ni agbára òkè. Ó máa ń mú kí ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára púpọ̀. Ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú ni kí dírẹ́bà ti dúró kó tó kì í sí 4L. Ẹ lè bi í léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ọmọ mi, ṣé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ yìí ló ń ṣiṣẹ́?" Ìbéèrè kì í ṣe ìwọ̀sí.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ wo ọ̀nà. Omi òjò máa ń gbẹ́ kòtò sí àárín ọ̀nà òkè láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Bí imú ọkọ̀ bá sì ti kọjú sókè, ojú ọ̀run nìkan ni dírẹ́bà ń rí. Kò mọ̀ bóyá ọ̀nà yà sọ́tùn-ún lẹ́yìn orí òkè, tàbí ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ rìn ín mọ ohun tó wà níwájú. Bí ọkọ̀ mìíràn bá ti wà lójú òkè, kí tiyín dúró sísàlẹ̀ títí tìyẹn yóò fi kọjá tán. Ẹ má tẹ̀lé e lẹ́yìn pẹ́kípẹ́kí.

Ẹ̀kẹta, tààrà ni à ń gun òkè, tààrà náà la sì ń sọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tó bá dábùú òkè, gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, kò sì ní pẹ́ yí. Gíà kékeré ni kó ti mú láti ìsàlẹ̀, kó má pààrọ̀ rẹ̀ lágbedeméjì. Ẹsẹ̀ kan náà ni kó fi tẹ ìná, kó má tẹ̀ ẹ́ gìrì. Táyà tó bá ń yí lójú kan láìlọ síwájú, ṣe ló ń gbẹ́ ilẹ̀. Kí ó dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti gòkè ńkọ́? Èyí gan-an ló fẹ́ pa wá lọ́jọ́ yẹn. Kí dírẹ́bà tẹ búrèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, kó fa búrèkì ọwọ́, kó kì í sí gíà ẹ̀yìn, kó wo ẹ̀yìn, kó wá rọra tú búrèkì sílẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa fà á padà bí ẹni tó di okùn ewúrẹ́ mú. Tààrà ni kó fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀. Kó má gbìyànjú láti yí ojú ọkọ̀ padà lójú òkè. Ọmọ ọkọ̀ tó bá fẹ́ fi òkúta dí táyà, kó dúró sí ẹ̀gbẹ́, kó má dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ láéláé. Ẹ̀yin èrò náà, ẹ má dúró sẹ́yìn ọkọ̀ láti tì í. Ọkọ̀ tó wúwo bí erin, èjìká ènìyàn kò lè gbé e dúró.

*Sísọ̀ kalẹ̀ ló léwu jù*

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gígùn ló ṣòro, pé sísọ̀ kalẹ̀ kò le. Irọ́ ni. Bí ọkọ̀ bá kú nígbà tó ń gun òkè, ó lè dúró. Bó bá já nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ta ló máa mú un?

Àṣà kan wà tí àwọn awakọ̀ wa fẹ́ràn. Bí wọ́n bá ti dé orí òkè, wọ́n á tú gíà sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní fíríì, kí ọkọ̀ máa fò lọ fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú epo. Ó yé mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, gbogbo wa la mọ ohun tí jálá epo kan ń ṣe fún àpò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Nígbà tí gíà bá wà nínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ń bá wa di ọkọ̀ náà mú. Nígbà tí gíà bá wà ní fíríì, búrèkì nìkan ló kù. Búrèkì tó ń dá nìkan di ọkọ̀ tó kún fẹ́rù mú lórí òkè gígùn, ṣe ló máa ń gbóná. Bó bá gbóná kọjá ààlà, kò ní di táyà mú mọ́, omi búrèkì náà lè hó, ẹsẹ̀ dírẹ́bà á sì wọlẹ̀ gbùú bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Ẹni tó tún pa ẹ́ńjìnnì, búrèkì rẹ̀ á le bí òkúta lẹ́yìn títẹ̀ bíi mélòó kan, sítíárìn rẹ̀ á sì wúwo, nítorí ẹ́ńjìnnì ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Epo tí wọ́n sọ pé àwọn ń tọ́jú ńkọ́? Nínú ọkọ̀ ìgbàlódé tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo fún un, bí gíà bá wà nínú rẹ̀, tí ẹsẹ̀ kò sì sí lórí ìná, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń dá epo dúró bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Fíríì ló tún nílò epo kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú. Nítorí náà, wọn ò jèrè epo, ẹ̀mí wa ni wọ́n ń fi dúró.

Ohun tó tọ́ ni pé kí dírẹ́bà dúró díẹ̀ lórí òkè kó tó sọ̀ kalẹ̀, kó mú gíà kékeré, èyí tí yóò fi gun òkè náà gan-an. Bí ọkọ̀ náà kò bá ní kúlọ́ọ̀ṣì, kó má fi í sí D, kó fi í sí L tàbí 1 tàbí 2. Kí ó máa tẹ búrèkì díẹ̀, kó tú u sílẹ̀, kó tún tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá gbóòórùn ohun tó ń jó, ẹ ní kó dúró níbi tó tẹ́jú kí búrèkì tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da omi tútù sí i, irin gbígbóná lè là. Bí búrèkì bá sì já pátápátá, kí ó máa fi ẹsẹ̀ pọ̀n ọ́n léraléra, kó máa dín gíà, kó rọra fa búrèkì ọwọ́, kó sì fi ọkọ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ òkè. Ẹ̀gbẹ́ àfonífojì kọ́ o.

*Ẹrù wa, ìjókòó wa*

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n bá àwa obìnrin wí díẹ̀. A máa ń dá dírẹ́bà lẹ́bi, àmọ́ ta ló ní kó fi àpò gààrí mẹ́ta kún èyí tó wà lórí ọkọ̀? Ta ló ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ká lè dín owó ọkọ̀ kù"? Ta ló ń pariwo pé, "Dírẹ́bà, ọjà ti ń tú o, ẹ tẹ̀ ẹ́"? Àwa ni. Ẹrù tó ga lórí ọkọ̀ dà bí ẹrù tó ga lórí ọmọdé, bí ọmọ náà bá yẹ̀ díẹ̀, ó ṣubú. Ìsàlẹ̀ ni ẹrù tó wúwo ń gbé, kí wọ́n sì fi okùn dì í mọ́lẹ̀ kó má wọ́ sẹ́yìn lójú òkè.

Èrò orí ẹrù ni mo bẹ̀rù jù. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn Hilux lórí àpò kò ní bẹ́líìtì, kò ní ohun tó lè dì mú. Bí ọkọ̀ bá fò, òun náà á fò. Bí ọkọ̀ bá yí, ọkọ̀ náà ló máa yí lé e lórí. Kò sí ọ̀nà pẹ̀lẹ́ láti sọ èyí fún yín. Ibi tí à ń kó iṣu sí, ẹ má jẹ́ ká kó ọmọ ènìyàn sí i.

Ẹ̀yin aboyún, ẹ jókòó síwájú, kí ẹ de bẹ́líìtì. Abẹ́ ikùn ni okùn ìsàlẹ̀ ń gbà, lórí egungun ìdí. Àárín ọmú ni tòkè ń gbà, kó yà sí ẹ̀gbẹ́ ikùn. Kó má dá ikùn sí méjì. Ẹ̀yin àgbà, egungun yín kò rí bíi ti ọmọ ogún ọdún mọ́, ìgbọ̀nrìrì tí ọmọdé fi ń rẹ́rìn-ín lè kán ìgbáròkó àgbà. Ẹ má tijú láti sọ pé, "Ẹ rọra."

Àti dírẹ́bà fúnra rẹ̀: ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀. Paraga àárọ̀, tramadol tí wọ́n ń gbé mì kí ara wọn lè "dá ṣáṣá", ṣe ni wọ́n ń mú ọwọ́ àti ojú falẹ̀. Kò sí òkè tó ń dúró de ojú tó falẹ̀.

*Bí ó bá ṣẹlẹ̀*

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá ṣubú lójú yín, ẹ kọ́kọ́ rí i pé ẹ̀yin fúnra yín kò dúró sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà. Ẹ ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná. Ẹ pe 122 ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tàbí 112. Kò gba owó.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń tú, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, ẹ má máa ṣí i wò. Ẹ má da kẹrosíìnì, ẹ má da epo pupa, ẹ má fi ewé sí i. Ẹni tó bá ní ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, ẹ má fà á dìde, ẹ má ká a lẹ́sẹ̀, ẹ má sì fi í sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà. Pákó tàbí ilẹ̀kùn ni kí ẹ fi gbé e, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ wà lórí ìlà kan náà. Ẹ má fún un ní omi, ẹ má fún un ní àgbo, torí ó lè jẹ́ iṣẹ́ abẹ ló máa tẹ̀ lé e. Ẹ fi aṣọ bò ó, òtútù máa ń tètè mú ẹni tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ nù.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn teguntegun wa. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú ikùn kì í ṣe ohun tí ọwọ́ lè fọwọ́ bà lóde. Mo ti rí ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé lẹ́yìn ìjàǹbá, tó ń sọ pé kò sí nǹkan kan, tó jẹ́ pé ikùn rẹ̀ ti ń le. Aboyún tó bá wà nínú ọkọ̀ tó gbá nǹkan, kí ó lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà gan-an, bí ara rẹ̀ tiẹ̀ dá. Bó bá rí ẹ̀jẹ̀, bí omi bá ń dà, bí ikùn bá le tàbí tí ọmọ kò yí mọ́, kí ó má dúró rárá.

*Ẹ ó ní…*

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹnìkan á ní, "Nọ́ọ̀sì, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń lọ sí oko wa lọ́jọ́ ọjà. Bí a bá bínú rẹ̀, ẹsẹ̀ la máa fi rìn." Òótọ́ ni. Mi ò ní kí ẹ bá dírẹ́bà jà. Mo ní kí ẹ fọwọ́sowọ́pọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Obìnrin kan tó bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n lè pè é ní aláròyé. Ogún obìnrin tó bá sọ ohun kan náà, oníbàárà ni wọ́n. Dírẹ́bà kì í fi oníbàárà ogún ṣeré.

Ẹlòmíràn á ní, "Láti ọjọ́ táláyé ti dáyé la ti ń gun òkè yìí." Bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ la sì fi ń gùn ún. Àwọn bàbá wa tó ja ogun Kírìjì láàrin òkè Ìmẹ̀sí-Ilé àti Igbájọ, láti 1877 títí di 1886, mọ òkè bí ẹni mọ ìyẹ̀wù rẹ̀. Àmọ́ kò sí ìkankan nínú wọn tó gun Hilux. Òkè ti wà tipẹ́, irin tó wúwo tó ń sáré lórí rẹ̀ ni àlejò.

Ẹlòmíràn á ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ni. Àmín. Èmi náà ń gbàdúrà kí n tó wọkọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run ti fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu nísàlẹ̀ òkè, èmi ni mo gbé e mì. Ó tún wá fi ọ̀rọ̀ kan náà sí ẹnu bàbá àgbẹ̀ yẹn. Òun kò gbé tirẹ̀ mì ní tiẹ̀.

*Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún*

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin, níbi ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́rin yìí. Ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ wa bá háyà, kò sí ẹni tí yóò jókòó lórí ẹrù. Ní ìsàlẹ̀ òkè, gbogbo ẹni tó bá lè rìn á sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ gùn ún, aboyún àti àgbà nìkan ni yóò ṣẹ́ kù síwájú. Bí ọ̀nà bá sì ń yọ̀, kí àwọn náà sọ̀ kalẹ̀ dúró de ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Kò sí fíríì lórí òkè wa. Kò sì sí ẹni tí yóò lé dírẹ́bà ní eré, tàbí yọ nínú owó rẹ̀ nítorí pé ó pẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ kó rọra, ẹ sanwó ìrọra fún un.

Ẹ̀yin àgbà, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ yan ibi ìdúró kan sí ìsàlẹ̀ òkè yín, kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé níbẹ̀ la ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kó àwọn ọ̀dọ́ jọ kí wọ́n di kòtò ọ̀nà kí òjò tó dé. Ẹ pe àwọn dírẹ́bà, ẹ fún wọn lómi mu, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ. Ẹnu yín ni wọ́n máa gbọ́ ju ẹnu tèmi lọ.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ fi fẹsẹ̀ gun òkè kò tó oṣù mẹ́ta tí ènìyàn fi ń dùbúlẹ̀ pẹ̀lú itan tó kán. Ẹ bi ọmọbìnrin aláta yẹn léèrè.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tún gun òkè kan náà lọ fún abẹ́rẹ́. Nígbà tá a dé ìsàlẹ̀, mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́ dúró. A fẹ́ sọ̀ kalẹ̀." Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀rù ń bà yín ni, mọ̀mí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó dúró. A fẹsẹ̀ gùn ún, ọkọ̀ gùn ún lófìfo, a tún bá a lórí òkè. Kò sí ẹni tó bínú. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ náà kò le rárá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ yín tó kù, kí ẹ sì kà á sókè fún ìyá àti bàbá tí kò lè kàwé. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bi mí níbí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó padà sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ṣì jẹ yín ní ìdáhùn nípa iyọ̀.

Òkè kò ní gbé wa ṣubú o. À ń lọ, à ń bọ̀, a ò ní pàdé agbákò.

Èmi ni nọ́ọ̀sì yín.